Ta Ló Wọlé Láìkí Sàlámọ̀?

Ká ní Alhaja Qudrah yí ọrùn sí ọ̀tún díẹ̀ ni, ojú òun àti ti Hajarat ì bá ṣe mẹ́rin. Ṣùgbọ́n kò yí ọrùn. Ó bẹ̀rẹ̀ sídìí ẹ̀rọ omi ẹ̀yìnkùlé rẹ̀, ó ká ìró mọ́ orúnkún, ó ti àrọ pupa kan bọ ẹnu kẹ́ẹ̀gì funfun tí wọ́n fi àwọ̀ ewé kọ Lárúbáwá sí lára, ó sì ṣí ẹ̀rọ sílẹ̀. Omi ń dà wọnú kẹ́ẹ̀gì ṣọ̀ọ̀. Obìnrin náà ń kọ wákà lábẹ́ ahọ́n, ọkàn rẹ̀ balẹ̀ bíi ti ẹni tó ń fọ abọ́ oúnjẹ àná.

Ẹnu géètì kékeré ni Hajarat dúró sí, kúlà ńlá kan lọ́wọ́ rẹ̀. Ó mọ kẹ́ẹ̀gì yẹn. Ta ni kò mọ̀ ọ́n ní mọ́ṣáláṣí wọn ní Basin? Inú rẹ̀ ni Alhaja Qudrah ti ń bu omi Zamzam sínú ìgò kéékèèké fún àwọn ènìyàn ní gbogbo ọjọ́ Àláàdì lẹ́yìn àṣàlátù: fún ẹni tó ń wá ọmọ, fún ẹni tó fẹ́ jókòó ìdánwò, fún ẹni tí ọkọ rẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ ń pẹ́ wọlé. Láti ìgbà tó ti Mẹ́kà dé lọ́dún tó kọjá, tòun ti eyín wúrà kan tó ń kọ mọ̀nà, omi náà kò tán. Lèmọ́mù Abdulsobur fúnra rẹ̀ ti sọ ọ́ lórí ẹ̀rọ gbohùngbohùn: “Omi Alhaja wa yìí, àlùbáríkà ti wọ̀ ọ́. Ẹ ò rí i pé kì í tán?”

Kò sì lè tán. Níwọ̀n ìgbà tí iná bá ti wá, tí ẹ̀rọ sì ti fa omi sókè, ibo ni yóò tán sí?

Ó yẹ kí Hajarat ti kí sàlámọ̀ kó tó ṣí géètì. Òun ló máa ń kọ́ àwọn obìnrin ẹgbẹ́ pé ẹni tó bá wọ ilé onílé láìkí sàlámọ̀, òun àti olè kò jìnnà síra. Ṣùgbọ́n kúlà tó gbé lọ́wọ́, ti Alhaja Qudrah ni. Ó yá a fún wọ̀límọ̀ Huda ọmọ rẹ̀, ọwọ́ kúlà sì kán níbẹ̀. Ó ti fi gọ́ọ̀mù lẹ̀ ẹ́. Èrò rẹ̀ ni pé kí òun rọra gbé e sẹ́yìn ilé ìdáná, kí òun sì sọ ọ́ lórí fóònù tó bá di alẹ́ pé, “Mo yà, ẹ ò sí nílé.” Òun, Fáìsì, igbákejì ọ̀gá ilé ẹ̀kọ́ ńlá, tó ń fi ẹ̀gba lé ọmọ tó bá parọ́ nínú ọgbà!

Ó bẹ̀rẹ̀, ó gbé kúlà kalẹ̀ pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, ó fi ẹ̀yìn rìn jáde. Ìgbà tó dé ìkóríta tí ìyá kan kí i pé “Ẹ kú ìnáwó ìjọ́sí o,” tó fẹ́ juwọ́ dá a lóhùn, ìgbà náà ló rí i pé ìdérí kúlà wà lábíyá òun.

Ara kúlà ti wà lẹ́yìnkùlé Alhaja Qudrah.

*

“Bàbá Huda,” ni Hajarat wí lẹ́yìn ìrun Magaríbì, “bí ènìyàn bá rí Mùsùlùmí ẹgbẹ́ rẹ̀ tó ń ṣe ohun tí kò dáa, kí ló yẹ kó ṣe?”

Abdulmumini ọkọ rẹ̀ ti fẹ̀yìntì lẹ́nu iṣẹ́ ìjọba, iṣẹ́ tó kù tó ń ṣe kò ju kó máa gbọ́ rédíò, kó sì máa bá rédíò jiyàn lọ. Ó dín ohùn rédíò náà kù.

“Ó kù sọ́wọ́ ẹni tó rí i, àti ẹni tó ṣe é.”

“Ẹ̀ṣẹ̀ ò mọ ẹni, Bàbá Huda.”

“Ẹ̀ṣẹ̀ ò mọ ẹni, àmọ́ èmi mọ ìwọ. Ta lo rí?”

Ó sọ ọ́ fún un látòkèdélẹ̀, àfi ti ọwọ́ kúlà. Nígbà tó débi àrọ pupa, ọkọ rẹ̀ bú sẹ́rìn-ín títí ikọ́ fi gbé e.

“Ẹ sì ń rẹ́rìn-ín! Omi ẹ̀rọ ni obìnrin yẹn ń fún àwa Mùsùlùmí mu, ó ń pè é ní Zamzam! Ọ̀dọ̀ Lèmọ́mù ló yẹ kí n lọ ní báyìí.”

“Ẹni tó bá bo àṣírí ọmọ ìyá rẹ̀, Ọlọ́run yóò bo tiẹ̀ lọ́jọ́ ìkẹyìn. Ṣebí ìwọ lo sọ ọ́ ní àṣàlátù? O tún un sọ fún mi nígbà tó o dé.”

“Ẹni tó bá sì rí ohun burúkú, kó fi ọwọ́ yí i padà. Bí ò bá lè fi ọwọ́, kó fi ẹnu.”

“Bí ò bá lè fi ẹnu, kó fi ọkàn. Fi ọkàn yí i. Ìyẹn ò ní gbé ọ dé ilé Lèmọ́mù.”

“Ti ọkàn yẹn ló kéré jù nínú ìgbàgbọ́,” ni Hajarat dáhùn. Láti ilé kéwú ni wọ́n ti mọ̀ ọ́n: kò gba ipò ìkẹyìn rí nínú ohunkóhun.

Ọkọ rẹ̀ tún gbé ohùn rédíò sókè díẹ̀, ó tún dín in kù. “Kì í ṣe ìwọ àti Qudrah yìí náà ni wọ́n dárúkọ fún oyè Ìyá Àdínní?”

“Kí nìyẹn wá kàn nínú èyí?”

“Mo kàn bi ọ́ ni. Ìgbà wo ni wọ́n fẹ́ kéde ẹ̀?”

“Jímọ̀ tó ń bọ̀.”

“Hẹn-ẹ́n,” ni Abdulmumini wí, ó sì padà sídìí rédíò rẹ̀.

Hẹn-ẹ́n yẹn ni Hajarat gbé lọ sórí ẹní ìrun. Ó fẹ́ kírun ráká méjì, kí Ọlọ́run lè fọ àníyà, èrò ọkàn òun, mọ́. Ó dára kí a sọ òótọ́: ọ̀rọ̀ oyè yìí ti ń dùn ún. Nínú ẹgbẹ́ wọn, kò sẹ́ni tó mọ kéwú tó Hajarat. Alhaja Qudrah, ẹni tó ń ta ìborùn ní Ọjà-Ọba, ń ka Fátíhà bí ẹni tó ń jẹ ẹran tó le. Ṣùgbọ́n Alhaja ni wọ́n ń pe ìyẹn, òun sì ṣì jẹ́ Ìyá Huda lásán, torí pé gbogbo ìgbà tí owó Mẹ́kà bá fẹ́ pé ni ọmọ kan máa ń wọ yunifásítì. Ó kúnlẹ̀ lórí ẹní, ó forí kanlẹ̀. Níbi tó ti forí kanlẹ̀ náà ló ti rí ara rẹ̀ nínú léèsì funfun, tí wọ́n ń pè é ní Ìyá Àdínní, tí Alhaja Qudrah ń gbé bàtà fún un. Ó sáré dìde, ó tún ìrun náà kí láti ìbẹ̀rẹ̀.

Ohun kejì tó ń jẹ ẹ́ lọ́kàn ni kúlà. Alhaja Qudrah ti gbọ́dọ̀ rí i. Àmọ́ kò pè. Kò pè lálẹ́, kò pè láàárọ̀. Gbogbo ìgbà tí fóònù bá dún, Hajarat á kọ́kọ́ wo orúkọ ẹni tó ń pè. Ìdérí kúlà wà lórí fìríìjì, ó ń wò ó.

*

Ní ilé ẹ̀kọ́ lọ́jọ́ kejì, Safiyat, ọ̀dọ́ olùkọ́ ìṣirò, wọ ọ́fíìsì rẹ̀ wá láti fọwọ́ sí ìwé wíwá síbi iṣẹ́. Sìlípáàsì ọkọ rẹ̀ ló wọ̀. Oyún inú rẹ̀ ti ga, ṣùgbọ́n ẹsẹ̀ rẹ̀ ni Hajarat tẹjú mọ́. Wọ́n ti wú débi pé kókósẹ̀ ò hàn mọ́.

“Safiyat, kí ló ṣe ẹsẹ̀ yìí?”

“Ẹ má dá a lóhùn, mà. Oyún ni.”

“Kí ni wọ́n sọ nílé ìwòsàn?”

“Wọ́n ní ẹ̀jẹ̀ mi ga. Wọ́n fún mi lóògùn, wọ́n ní kí n máa wá lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀.”

“O sì ń lò ó?”

Safiyat rẹ́rìn-ín músẹ́ bí ọmọ tí wọ́n ká mọ́ ibi ìkòkò. “Mo ti pa á tì, mà. Oyún tó bọ́ lára mi lọ́jọ́sí, ṣebí oògùn náà ni mo lò títí tó fi bọ́? Ẹ̀rù oògùn ń bà mí. Omi Zamzam ni mò ń mu báyìí. Alhaja Qudrah ò jẹ́ kó wọ́n mi. Ọlọ́run yóò san án fún wọn.”

Hajarat gbé bírò rẹ̀ sílẹ̀.

“Safiyat, lọ lo oògùn rẹ. Wòlíì sọ pé ká máa wá ìwòsàn.”

“Ẹ̀yin náà lẹ kọ́ wa, mà,” ni Safiyat wí pẹ̀lú ọ̀wọ̀, “pé ohun tí ènìyàn bá torí ẹ̀ mu Zamzam, òun ló máa rí. Ẹ kà á fún wa ní Lárúbáwá. Mo ti há a sórí.”

Òótọ́ ni. Hajarat rántí ọjọ́ náà. Ó rántí bó ṣe fa lẹ́tà tó yẹ kó fà, tó sì tẹ èyí tó yẹ kó tẹ̀, tí àwọn obìnrin ń mi orí. Ó dùn mọ́ ọn nínú nígbà náà.

“Omi yẹn…” ló bẹ̀rẹ̀.

“Kí ló ṣe é, mà?”

Ibẹ̀ ni olùkọ́ méjì mìíràn wọlé, àwọn méjèèjì jẹ́ ọmọ ẹgbẹ́ àṣàlátù, kò sì sí èyí tí ọ̀rọ̀ ń sùn lẹ́nu rẹ̀ mọ́jú. Hajarat rí Jímọ̀ níwájú. Ó gbọ́ ohun tí wọn yóò máa sọ láti Basin dé Ọjà-Ọba: *Fáìsì yẹn ba Alhaja lórúkọ jẹ́ torí oyè.*

“Omi yẹn tutù jù fún aboyún,” ló wí. “Rọra máa mu ún.”

Bó ṣe sọ ọ́ tán ni ara rẹ̀ ti gbóná fún ìtìjú. Safiyat dúpẹ́, ó sì wọ́ sìlípáàsì rẹ̀ jáde.

Lọ́jọ́ Àlàrùbá, Safiyat kò wá sí ilé ẹ̀kọ́. Wọ́n ní orí ń fọ́ ọ. Lọ́jọ́ Àlàmísì kò tún wá. Hajarat pe fóònù rẹ̀, kò lọ. Ó wá nọ́ńbà Toyyib, ọkọ rẹ̀ tó ń ṣiṣẹ́ l'Ábújá. Ìyẹn ní àwọn sọ̀rọ̀ lánàá, ó ní ìyàwó òun ń sinmi ni. “Bóyá iná ni wọn ò ní, mà, tí wọn ò fi lè cháájì fóònù yẹn.”

Bóyá. Hajarat kò lè jẹun. Ó pinnu pé bó bá kí ìrun Aláásárì tán, ilé Lèmọ́mù ló kàn, kí oyè lọ tàbí kó bọ̀. Ó ń dán ọ̀rọ̀ tí yóò sọ wò níwájú dígí, ó ń yọ ibi tó bá ti dà bíi ti ọlọ́tẹ̀ kúrò, ọ̀rọ̀ náà sì ń kúrú sí i, nígbà tí fóònù rẹ̀ dún. Lèmọ́mù Abdulsobur ni.

“Ìyá Huda, ẹ jọ̀ọ́, ẹ yà lọ́dọ̀ mi lẹ́yìn Aláásárì. Ọ̀rọ̀ kékeré kan ni.”

“Àlùhàmúdùlílàhì,” ni Hajarat wí fún dígí. Ọlọ́run ti la ọ̀nà.

*

Ohun tó kọ́kọ́ rí nígbà tó wọ pálọ̀ Lèmọ́mù ni kúlà. Ó jókòó sáàárín kápẹ́ẹ̀tì láìní ìdérí bí ẹni tí wọ́n ṣí fìlà lórí rẹ̀ ní gbangba, ọwọ́ rẹ̀ tí wọ́n fi gọ́ọ̀mù lẹ̀ sì kọjú sí ẹnu ọ̀nà. Alhaja Qudrah jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ó fi ìborùn bo ẹnu, eyín wúrà kò sì jáde lónìí.

Lèmọ́mù Abdulsobur gbé ara rẹ̀ sókè lórí àga. Ọkùnrin tó fẹ́ràn ohùn ara rẹ̀ ni. Nínú pálọ̀ tó gba ènìyàn mẹ́fà, ó ń sọ̀rọ̀ bí ẹni tí àwọn tó wà lóde mọ́ṣáláṣí gbọ́dọ̀ gbọ́. Lórí tábìlì ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, ìgò omi kékeré kan wà níbẹ̀ tó ti mu dé ìdajì.

“Ìyá Huda, ẹ jókòó. Ọlọ́run Ọba sọ nínú Àlùkùránì pé, ẹ má ṣe wọ ilé tí kì í ṣe tiyín títí ẹ ó fi tọrọ ààyè, tí ẹ ó sì kí sàlámọ̀ sí àwọn ará ibẹ̀.” Ó dúró díẹ̀ kí ọ̀rọ̀ náà lè wọlé. “Alhaja ní ẹnìkan gba ẹ̀yìnkùlé wọ ilé àwọn. Kò kí sàlámọ̀. Ó ń yọjú wo ohun tí onílé ń ṣe nínú ilé rẹ̀. Ṣé ẹ mọ kúlà yìí?”

“Mo mọ̀ ọ́n, Lèmọ́mù.”

“Ìdérí rẹ̀ ńkọ́?”

“Ó wà nílé mi.”

“Sùbùhánàlláhì!”

“Mi ò fẹ́ kó di ọ̀rọ̀ rárá,” ni Alhaja Qudrah gbà á, ohùn rẹ̀ rọ̀ bí ìborùn tó ń tà. “Àṣírí ọmọ ìyá ẹni, ṣe là á ń bò ó. Àmọ́ ẹni tí ìlú fẹ́ fi jẹ Ìyá Àdínní, Lèmọ́mù, tó wá ń gba ẹ̀yìn wọlé bí ológbò tó gbóòórùn ẹja? Ohun tí mo ní kẹ́ ẹ gbọ́ nìyẹn.”

Hajarat wò ó, ọ̀rọ̀ náà sì yé e pátá. Alhaja Qudrah ti ṣáájú rẹ̀ dé. Bí òun bá lanu sọ ti omi ní báyìí, ẹ̀san ni wọn yóò pè é. Kò sẹ́ni tó lè kọ́ ènìyàn nírú ọgbọ́n yìí nílé kéwú. Ọjà-Ọba nìkan ló mọ̀ ọ́n kọ́ni. Díẹ̀ ló kù kí inú rẹ̀ dùn sí i.

“Mo jẹ̀bi,” ló wí. “Mi ò kí sàlámọ̀. Ọwọ́ kúlà Alhaja ló kán lọ́wọ́ mi. Mo fẹ́ gbé e jù síbẹ̀ kí n sá lọ.”

Lèmọ́mù kò rò pé ọ̀rọ̀ náà yóò tètè bọ́ sójú kan báyìí. Wáàsí gígùn kan ti wà nílẹ̀ tó ti pèsè. Ó gbé e mì.

“Ẹni tó bá mọ ẹ̀bi rẹ̀ ní ẹ̀bi kì í pẹ́ lórí ìkúnlẹ̀. Ó tán. Ẹ dárí ji ara yín. Ẹ jẹ́ ká ṣe Fátíhà.”

“Àámíìn!” ni Alhaja Qudrah wí, kí Lèmọ́mù tó ráyè la ẹnu rárá.

Ọwọ́ gbogbo wọn ti nà. Hajarat na tiẹ̀ náà. Bó ti ń wo àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀, ìgò kékeré orí tábìlì ń dán lẹ́gbẹ̀ẹ́ ojú rẹ̀. Ẹsẹ̀ Safiyat ló rí, sìlípáàsì ọkọ rẹ̀ tó fún un pinpin.

“Lèmọ́mù, ẹ má tíì ṣàdúà. Ẹ ò bi mí ní ohun tí mo rí.”

Alhaja Qudrah yí padà kíákíá. “Ẹ rí i? Mo sọ bẹ́ẹ̀.”

“Ìyá Huda,” ni Lèmọ́mù wí, “ẹni tó wọlé láìgbàṣẹ, ohun tó bá rí níbẹ̀ kì í ṣe tirẹ̀ láti sọ.”

“Mo mọ̀. Tí kì í bá ṣe ti Safiyat, ǹ bá ti gbé e mì.”

“Safiyat wo?” Ohùn Alhaja Qudrah yí padà.

“Safiyat tí ẹ ń fún lómi. Aboyún. Wọ́n ní ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ga, ó ti pa oògùn tì, omi yín ló fi dípò. Láti àná kò wá síṣẹ́. Orí ń fọ́ ọ. Fóònù rẹ̀ ò lọ.”

Ìborùn bọ́ lẹ́nu Alhaja Qudrah. “Ta ló ní kó pa oògùn tì? Èmi sọ bẹ́ẹ̀ fún un? Mo ní kó máa mu omi ni! Mi ò ní kó má lo oògùn!”

“Ẹ ò sọ bẹ́ẹ̀. Èmi náà ò sọ bẹ́ẹ̀. Hàdíìsì tí mo kọ́ ọ ló dì mú, omi yín ló sì ń mu lé e.”

“Ẹ dúró ná,” ni Lèmọ́mù wí. Fún ìgbà àkọ́kọ́, ohùn rẹ̀ kò kọjá pálọ̀. “Omi wo? Kí ló ṣe omi?”

Ó wo ìgò ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Ó wo Alhaja Qudrah. Ó tún wo ìgò.

“Lèmọ́mù,” ni Alhaja Qudrah wí nígbẹ̀yìn, ojú rẹ̀ wà lára kúlà, “èyí tí mo gbé ti Mẹ́kà bọ̀ tán kí ààwẹ̀ tó wọlé. Ó ku bí ìdérí ìgò kan, mo bu omi lé e, mo ní àlùbáríkà rẹ̀ á ràn. Ìgbà tó yá mo tún bu omi lé ìyẹn. Wọ́n ń wá ni. Àwọn ọlọ́mọ, àwọn àgbà, wọ́n ń kúnlẹ̀ fún mi nínú ṣọ́ọ̀bù, èmi tí mi ò kàwé. Ẹni tí wọ́n ń kúnlẹ̀ fún, báwo ló ṣe fẹ́ sọ pé ó ti tán? Ẹ̀yin náà sì ti kéde ẹ̀ pé kì í tán.”

Lèmọ́mù na ọwọ́, ó rọra gbé ìgò náà sẹ́yìn àga. “Ọ̀rọ̀ yìí gba sùúrù,” ló wí. “Ọ̀la ni Jímọ̀. Bí èyí bá jáde lónìí, fìtínà ni. Ẹ jẹ́ kí Jímọ̀ kọjá, ká pe àwọn àgbà jọ, ká fara balẹ̀…”

Hajarat ti dìde.

“Ẹ fara balẹ̀, Lèmọ́mù. Ẹ kàn bá mi yọ orúkọ mi nínú ọ̀rọ̀ oyè yẹn, kí wọ́n má baà sọ pé torí rẹ̀ ni. Bí wọ́n bá sọ ọ́ pàápàá, wọn ò ní parọ́ tán.” Ó kọjú sí Alhaja Qudrah. “Ẹ bá mi ká lọ.”

“Lọ síbo?”

“Sọ́dọ̀ Safiyat. Mo sọ ti oògùn fún un, kò gbà. Bí mo bá ní omi ẹ̀rọ ni, á ní mò ń jowú yín. Ẹ̀yin ló gbà gbọ́.”

Alhaja Qudrah kò mira. Hajarat ki ẹsẹ̀ bọ bàtà lẹ́nu ọ̀nà. Ó ti fẹ́ máa lọ nígbà tó gbọ́ ìró ìborùn lẹ́yìn rẹ̀, àti ẹnìkan tó ń mí gúlegúle wá bàtà.

*

Ìsàlẹ̀ Ìpàta ni Safiyat ń gbé. Kẹ̀kẹ́ kan náà ni wọ́n wọ̀, ọ̀kọ̀ọ̀kan fara ti ẹ̀gbẹ́ tirẹ̀, wọ́n fi àyè ẹnì kan sílẹ̀ láàárín. Níwájú ọjà, àwọn ọkọ̀ akóṣu ti dí ojú ọ̀nà. Ẹlẹ́kẹ̀kẹ́ ń bú wọn, wọ́n ń bú u padà. Hajarat tún pe fóònù Safiyat. Kò lọ.

“Ìdérí kúlà mi ńkọ́?” ni Alhaja Qudrah béèrè láìwojú rẹ̀.

“Ó wà nílé. Mo ti fọ̀ ọ́.”

Ẹlẹ́rù kan kọjá tòun tàpò àgbàdo.

“Ìyá Huda, ẹ̀yin lẹ mọ kéwú.” Ohùn náà ti wálẹ̀ gan-an. “Béèyàn bá bu Zamzam díẹ̀ sínú omi mìíràn, ṣé gbogbo ẹ̀ ò di Zamzam?”

Hajarat ní èsì. Ó ní èsì tó pé, pẹ̀lú orúkọ àwọn onímọ̀ tó sọ ọ́ àti ti àwọn tó ta kò wọ́n. Ó la ẹnu, ó sì pa á dé.

“Mi ò mọ̀,” ló wí. “Ẹlẹ́kẹ̀kẹ́, jọ̀ọ́, gba títì kékeré yẹn. Kó o sì dúró dè wá níbẹ̀.”

Yàrá àti pálọ̀ ni Safiyat háyà, ní ìparí ọ̀dẹ̀dẹ̀ kan. Aṣọ tó sá ti gbẹ sórí okùn láìsẹ́ni tó ká a. Àwọn ará ilé ti lọ sọ́jà, ilé dá wáí. Hajarat fọwọ́ kan ilẹ̀kùn.

“Àsàlámù àlékùm.”

Kò sí èsì. Alhaja Qudrah sún mọ́ ọn, àwọn méjèèjì jọ pè é pọ̀:

“Àsàlámù àlékùm! Safiyat!”

Ewúrẹ́ kan ké lẹ́yìn ilé. Ẹ̀kẹta, Hajarat gbóhùn sókè débi pé ohùn rẹ̀ sán, lẹ́tà tó yẹ kó fà kò rí i fà. Wọ́n tẹ́tí. Kò sí nǹkan kan.

“Ó ti pé mẹ́ta o,” ni Alhaja Qudrah sọ wúyẹ́wúyẹ́.

Hajarat mọ̀. Ẹni tó bá kí sàlámọ̀ lẹ́ẹ̀mẹta tí kò rí èsì, kó yí padà kó máa lọ, ìlànà nìyẹn. Òun ló kọ́ wọn. Ó di ọwọ́ ilẹ̀kùn mú. Ilẹ̀kùn náà ò sí ní títì. Ó ṣí i, ó sì wọlé.

Safiyat wà nílẹ̀, ó fẹ̀yìn ti ògiri, ó fi ìborùn di orí pinpin. Ìgò kékeré kan tó ti gbẹ yí sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ó ń ṣẹ́jú sí ìmọ́lẹ̀ ẹnu ọ̀nà bí ẹni tó ń wo ọ̀nà jíjìn.

“Ta nìyẹn? Ojú mi ń ṣú.”

Alhaja Qudrah ló gba ẹ̀gbẹ́ Hajarat kọjá. Obìnrin tí wọ́n ń kúnlẹ̀ fún nínú ṣọ́ọ̀bù fi orúnkún méjèèjì lélẹ̀ lórí simẹ́ńtì.

“Èmi ni, Alhaja. Safiyat, gbọ́ mi. Omi tí mò ń fún ọ, omi ẹ̀rọ ilé mi ni. Kì í ṣe Zamzam. Ọjọ́ ti pẹ́ tí Zamzam ti tán. Dìde, ọmọ mi, ilé ìwòsàn là ń lọ.”

Safiyat wò ó lójú, ó wo Hajarat lójú, kò dà bí ẹni pé ọ̀rọ̀ náà tíì dé ọ̀dọ̀ rẹ̀.

“Mi ò gbọ́ sàlámọ̀,” ló wí lọ́rọ̀ kan lọ́rọ̀ kan. “Ta ló ní kẹ́ ẹ wọlé?”

“Kò sẹ́nì kankan,” ni Hajarat dáhùn, ó sì ti apá bọ abẹ́ èjìká rẹ̀.